Ọ̀nà Odò Tí A Kò Rìn Mọ́: Ẹ̀kọ́ Lórí Títún Etí Odò Wa Ṣe

Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ jọ kọ́ lóṣù yìí kì í ṣe ti èsúsú, kì í sì í ṣe ti owó ìsọ̀. Ti odò ni. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má wí pé kí ló kan ọlọ́jà kan odò. Kí ẹni tó mọ̀wé ka á sétí ẹni tí kò mọ̀wé, kí a sì fara balẹ̀ dé òpin rẹ̀. A ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà dé ìdí igbá wa.

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè: nígbà wo la rin ọ̀nà odò kẹ́yìn? Àwọn àgbà inú wa rántí dáadáa. Kí omi ẹ̀rọ àti bóòhóòlù tó dé, kò sí agboolé kan ní Joga-Orílé àti ní abúlé tó yí wa ká tí kò ní ọ̀nà odò tirẹ̀. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni àwọn ọmọbìnrin ń gbé ìkòkò lọ, tí wọ́n ń gbé e bọ̀. Ọ̀nà náà mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan ò gba owó oṣù lórí rẹ̀. Ẹsẹ̀ ló ń tún un ṣe. Bí igi bá wó dí ọ̀nà, ẹni tó kọ́kọ́ rí i á pariwo. Bí ẹnì kan bá fọ aṣọ lójú ibi tí a ti ń pọn omi mímu, àwọn ìyá á bá a wí kó tó délé. Odò púpọ̀ ló sì ní èèwọ̀ tirẹ̀ tí tọmọdé tàgbà mọ̀.

Bóòhóòlù dé, a dúpẹ́. Wàhálà orí rọ̀, àìsàn inú omi náà dín kù. A ò ní kí ẹnikẹ́ni padà sí omi odò mímu. Ṣùgbọ́n nǹkan kan bá a lọ tí a ò kíyè sí. Ẹsẹ̀ kúrò lọ́nà odò, koríko bò ó, ojú ènìyàn sì kúrò níbẹ̀. Ibi tí ojú ènìyàn kò sí ni wọ́n ń da nǹkan sí. Ọ̀rá dé, ike dé, ìyẹ́ adìyẹ dé, èèpo ẹ̀gẹ́ tó ti rà dé. Àwọn kan gé igi etí odò lọ ṣe èédú, kò sẹ́ni tó bi wọ́n. Nígbà tí òjò ńlá bá wá rọ̀, odò á kó gbogbo rẹ̀ padà wá bá wa lójú ìsọ̀. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Kókó ẹ̀kọ́ wa nìyí: odò tí ènìyàn ń rìn lẹ́bàá rẹ̀ lójoojúmọ́ kì í tètè di ààtàn. Ní ìlú púpọ̀ káàkiri ayé, ará ìlú ti ń para pọ̀ ya ọ̀nà ẹsẹ̀ sí etí odò, wọ́n á sì dá igi sí lọ́tùn-ún lósì rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀nà mọ́tò o. Ọ̀nà tí ọmọdé ń gbà lọ síléèwé ni, tí àgbà ń gbà nasẹ̀ nírọ̀lẹ́, tí ẹni tó ru ẹrù lè dúró sínmi lábẹ́ ibòji rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ibi mẹ́ta, ọ̀kan tó burú àti méjì tó dára, ká tó wá wo ohun tí àwa náà lè ṣe.

ẸNI TÓ KỌ Ẹ̀YÌN SÓDÒ: ÒGÙNPA NÍ ÌBÀDÀN

Odò Ògùnpa gba àárín Ìbàdàn kọjá, ọjà àti ilé sì pọ̀ létí rẹ̀. Ó ti ya wọ ilé àwọn ènìyàn nígbà bíi mélòó kan ṣáájú, ṣùgbọ́n ti ọjọ́ Sunday, 31 August 1980, ni kò ṣeé gbàgbé. Òjò náà rọ̀ fún wákàtí púpọ̀ láìdá. Omi kó ilé, ó kó mọ́tò, ó kó ọjà. Ẹ̀mí tó bá a lọ lé ní igba.

Ṣé òjò nìkan ló ṣe é? Rárá. Wọ́n ti kọ́ ilé wọ ojú ọ̀nà omi. Pàǹtí ọjọ́ pípẹ́ ti dí abẹ́ afárá. Omi fẹ́ kọjá, kò rí ibi gbà, ló bá wá ọ̀nà míràn, ọ̀nà náà sì ni yàrá àwọn ènìyàn. Lẹ́yìn ìyẹn ìjọba fi kọnkéré tẹ́ ojú odò náà. Ṣùgbọ́n kọnkéré ò lè dá ọwọ́ ẹni tó ń da ilẹ̀ dúró. Ní 26 August 2011, omíyalé tún ṣọṣẹ́ n'Ìbàdàn, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó kú.

Ẹ jẹ́ ká rántí pé ìlú tó lówó tó sì ní ẹnjiníà ni Ìbàdàn. Bí a bá ti kọ ẹ̀yìn sódò, owó nìkan kò tó láti gba ìlú sílẹ̀.

KÍ NI IGI Ń ṢE LÉTÍ ODÒ?

Ká tó kúrò lórí ọ̀rọ̀ omíyalé, ẹ jẹ́ ká mọ iṣẹ́ tí igi ń ṣe. Òjò kì í na ilẹ̀ tí igi bò tààrà. Ewé òkè á gbà nínú rẹ̀, ewé gbígbẹ tó tẹ́ sílẹ̀ á mu nínú rẹ̀, gbòǹgbò á di ilẹ̀ mú. Omi á wá máa yọ́ lọ sódò díẹ̀díẹ̀. Bí a bá gé igi náà tán, òjò á máa gbá ilẹ̀ lọ. Yanrìn á wọ inú odò, ìsàlẹ̀ odò á máa ga sókè. Odò tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti kún kò ní ibi tí yóò gba omi sí mọ́, ẹ̀gbẹ́ ni yóò yà sí. Odò yìí kan náà ni yóò gbẹ fúú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí ilẹ̀ kò mu omi pamọ́ fún un.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ igbó a máa gbà wá nímọ̀ràn pé ká fi nǹkan bí 30 mítà sílẹ̀ fún igi ní ẹ̀gbẹ́ odò kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn tó ogójì ìgbésẹ̀ àgbàlagbà. Bí ààyè ò bá tó bẹ́ẹ̀, ìwọ̀nba tó bá wà sàn ju òfo lọ.

Ẹ̀yin tó ń ta ewé, ọ̀rọ̀ yín rèé. Ewé eéran àti gbòdògì tí a fi ń wé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, abẹ́ ibòji tó tutù ni wọ́n ti ń hù dáadáa. Ìgbín náà, ọ̀rinrin ló fẹ́ràn. Nígbà tí etí odò bá di gbalasa, ewé á wọ́n, ọ̀rá á rọ́pò rẹ̀, ọ̀rá náà á sì padà sínú odò. Ṣé ẹ rí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yí po?

ẸNI TÓ Ń RIN Ọ̀NÀ ODÒ LỌ́DỌỌDÚN: ÒṢOGBO

Ẹ jẹ́ ká wá wo ibi tó dára, nílẹ̀ Yorùbá wa níbí. A mọ̀ pé Mùsùlùmí wà nínú wa, Onígbàgbọ́ wà, oníṣẹ̀ṣe náà wà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn la mú wá. Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ni.

Igbó Ọ̀ṣun wà létí odò Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Hẹ́kítà 75 ni, ó tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún pápá bọ́ọ̀lù. Ọ̀nà ẹsẹ̀ gba inú rẹ̀ dé etí omi, igi ńláńlá sì wà níbẹ̀ tí kò sí mọ́ níbi púpọ̀ ní gúúsù Nàìjíríà. Kì í ṣe pé wàhálà ò kan òun náà. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, èèwọ̀ ti ń rọ̀ lójú àwọn ènìyàn. Wọ́n ń pẹja níbẹ̀, wọ́n ń dọdẹ, wọ́n ń gé igi, ojúbọ sì ń wó. Àwọn olùsìn Ọ̀ṣun pẹ̀lú Susanne Wenger, obìnrin ará Austria tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, ló dìde sí i. Àwọn bíríkìlà, káfíńtà àti agbẹ́gilére ìlú náà ni wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Wọ́n tún ojúbọ kọ́, wọ́n mọ ère àti ògiri, kí gbogbo ènìyàn lè mọ̀ pé ibẹ̀ ní olówó.

Ní 1965 ìjọba àpapọ̀ sọ apá kan igbó náà di ohun ìní orílẹ̀-èdè. Ní 1992 wọ́n fẹ̀ ẹ́ dé hẹ́kítà 75 náà. Ní 2005 àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé. Àdùnní Olórìṣà kú ní January 2009, igbó náà ṣì wà.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni èyí. Ìwọ́pópó ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun, ìyẹn ni pé ọ̀nà ni wọ́n kọ́kọ́ ń là. Lọ́jọ́ tí ọdún bá pé, ní August, Arugbá á ru igbá láti ààfin lọ sétí odò, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn á sì tẹ̀ lé e. Ìlú tó ń tún ọ̀nà odò ṣe lọ́dọọdún, tó sì ń fi ẹsẹ̀ rìn ín, ìlú náà kò lè ṣàì mọ̀ bí wọ́n bá gé igi níbẹ̀. Òfin ìjọba dára, àmọ́ ẹsẹ̀ ènìyàn ti wà níbẹ̀ kí òfin tó dé.

Ẹ gbọ́ apá kejì rẹ̀ pẹ̀lú. Láìpẹ́ yìí omi Ọ̀ṣun yí padà, ó dúdú bí omi ẹrẹ̀, nítorí àwọn tó ń wa góòlù lápá òkè odò. Ní 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún ará ìlú kí wọ́n má mu ún. Òṣogbo tọ́jú etí odò tirẹ̀, ẹni tó wà lókè bà á jẹ́. Nítorí náà, ìlú kan kò lè dá tún odò ṣe. Àwa náà wà lókè àwọn kan. Odò Yewa tí a fi sọ ilẹ̀ wa lórúkọ ní 1995, nígbà tí a kúrò ní Ẹ̀gbádò, ìhà Badagry ló ń ṣàn lọ. Ọ̀rá tí a bá jù sínú omi ní ilẹ̀ Yewa lè di ìdọ̀tí nínú àwọ̀n apẹja tí a ò mọ̀ rí.

ÀWỌN OBÌNRIN TÓ FI IGI JÀ: NAIROBI

Ẹ̀kọ́ kẹta wá láti Kẹ́ńyà. Ní 1977 obìnrin kan tó ń jẹ́ Wangari Maathai dá ẹgbẹ́ Green Belt Movement sílẹ̀. Àwọn obìnrin abúlé ló bá ṣe é. Ẹjọ́ tí wọ́n ń rò kò yàtọ̀ sí tiwa: igi ìdáná ti jìnnà, odò ti ń gbẹ, ilẹ̀ ti ń ṣá. Ó ní kí wọ́n máa dáko igi wẹ́wẹ́, kí wọ́n máa gbìn ín. Igi tí ẹgbẹ́ náà ti gbìn lé ní mílíọ̀nù 50.

Ẹ wo ọgbọ́n kan níbẹ̀. Wọ́n ń fún àwọn obìnrin náà ní owó díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe lórí igi tí wọ́n gbìn. Orí igi tó yè ni. A mọ bí ó ṣe máa ń rí níbi tí wọ́n ti ń gbin igi lójú fọ́tò: ọ̀gá á dé, wọ́n á gbìn ín, wọ́n á pàtẹ́wọ́, ewúrẹ́ á jẹ ẹ́ lọ́la. Bí owó bá wà lórí igi tó yè, ẹni tó gbìn ín á ṣọ́ ọ, á bu omi sí i.

Igbó Karura wà létí Nairobi gan-an. Ó lé ní hẹ́kítà 1,000, odò sì gba inú rẹ̀. Láàárín 1990 sí 1999, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín ilẹ̀ igbó ìjọba náà fún àwọn tó fẹ́ fi kọ́lé tà. Maathai àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kó igi wẹ́wẹ́ lọ gbìn síbẹ̀. Ní 8 January 1999 àwọn ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n háyà lù wọ́n, orí Maathai bẹ́jẹ̀. Wọn ò padà lẹ́yìn rẹ̀. Ní August ọdún náà, Ààrẹ Moi kéde pé pípín ilẹ̀ ìjọba bẹ́ẹ̀ ti dópin. Ní 2004 Maathai gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà, òun sì ni obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á. Ó kú ní 2011.

Ṣùgbọ́n gbígba igbó sílẹ̀ kò tíì tó. Fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, ẹ̀rù ń ba ènìyàn láti wọ Karura nítorí olè. Nígbà tó yá ni àwọn ará àdúgbò dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tí àwọn àti iléeṣẹ́ igbó Kẹ́ńyà jọ ń bójú tó o. Wọ́n ṣe ọgbà yí i ká, wọ́n la ọ̀nà ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ kìlómítà, wọ́n gba àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò síṣẹ́ ẹ̀ṣọ́. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé á san owó díẹ̀. Ìdílé wá ń rìn níbẹ̀, ọmọdé ń gun kẹ̀kẹ́. Bí ènìyàn ṣe ń pọ̀ lọ́nà ni olè ń sá.

BÍ ÀWA NÁÀ ṢE LÈ ṢE É

Ọjà kọ̀ọ̀kan ló mọ odò tirẹ̀. Ohun tí a kọ síbí, kí kálukú wọ̀n ọ́n wò bó ṣe bá ibi tirẹ̀ mu.

1. Ẹ kọ́kọ́ rìn ín. Kí ẹ tó ṣe ìpàdé, ẹ mú àgbà méjì mẹ́ta àti àwọn ọ̀dọ́ dání, ẹ rin etí odò náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn àgbà á fi ibi tí omi dé rí hàn. Kò yẹ kí a kọ́ ohunkóhun síbẹ̀.

2. Ẹ tọrọ ọ̀nà. Ilẹ̀ etí odò kì í ṣàì ní ìdílé tó ni ín. Ẹ lọ bá wọn, ẹ lọ bá ọba àti àwọn ìjòyè, ẹ sì jẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Yewa ní Ayétòrò mọ̀. Kí ọ̀rọ̀ wa ṣe kedere: ọ̀nà là ń tọrọ, a ò gba ilẹ̀. Ohun tí a bá fẹnu kò sí, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo wa fọwọ́ sí i.

3. Ẹ wá ààtàn míràn kí ẹ tó pa ti etí odò tì. Ẹni tó sọ pé “má dalẹ̀ síbí” gbọ́dọ̀ lè sọ pé “ibẹ̀ yẹn ni kí o dà á sí.” Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á padà wá dà á lóru.

4. Ẹ la ọ̀nà náà bó ṣe yẹ. Kó má wà ní ẹnu omi gan-an, nítorí bèbè odò a máa ya. Kó má sì ti òkè wá sísàlẹ̀ ní gbọọrọ, torí òjò á gba ibẹ̀, á sì sọ ọ́ di kòtò. Ẹ jẹ́ kó máa dábùú òkè náà. Kí ìbú rẹ̀ gba ẹni méjì tó ru ẹrù láti yà fún ara wọn. Ibi tó bá rọ̀, ẹ da yangí sí i. Ibi tó jẹ́ àbàtà, ẹ tẹ́ pákó. Ẹ máa ya ojú àgbàrá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

5. Ẹ gbin igi tó mọ ilẹ̀ náà. Àbúrà fẹ́ràn ibi olómi, ọparun a máa di bèbè mú dáadáa. Ẹ fi igi eléso kún un lápá ibi tó gbẹ, kí àwọn ènìyàn lè rí i jẹ. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni kí ẹ gbìn ín. Ẹ jẹ́ ká ṣe bí àwọn ará Kẹ́ńyà: nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá kọjá la ó ka igi, tó yè nìkan la ó sanwó lé.

6. Ẹ pín in fún ìsọ̀ ìsọ̀. Iṣẹ́ tí a bá ní gbogbo wa ló ni ín, kò lólówó. Kí àwọn aláta mú ibi kan, kí àwọn onígàrí mú ibi kan, kí aláṣọ àti eléwé náà mú tiwọn. Kí a kọ orúkọ ìsọ̀ sórí pákó síbẹ̀. Ibi tó bá dọ̀tí, a mọ ẹni tí a ó bi.

7. Owó. Kí ẹni méjì máa tọ́jú rẹ̀, kí a máa ka ìwé rẹ̀ sétí gbogbo ẹgbẹ́ lóṣooṣù. Owó tí a kò kà jáde ló ń tú ẹgbẹ́ ká.

OHUN TÍ ÀWỌN KAN Á SỌ

Àwọn kan á ní ejò wà níbẹ̀. Òótọ́ ni, ejò wà nínú igbó tí a kò rìn. Ọ̀nà tí a ro, tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ lójoojúmọ́, ejò kì í sábà dúró síbẹ̀.

Àwọn kan á ní ìjọba ló yẹ kó ṣe é. Ó yẹ, a ó sì bèèrè. Afárá ńlá àti ibi tí mọ́tò á ti máa kó ilẹ̀, tiwọn ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò rí i lọ́jọ́ Tuesday pé wọ́n ti tún da ìyẹ́ adìyẹ sódò, kò sí lọ́fíìsì kankan. Àwa tó ń kọjá níbẹ̀ ni.

Àwọn kan á bi wá pé kí ni ti àwọn màlúù tó ń wá mumi? Ẹ má fi ìjà ṣe é. Ẹ bá àwọn tó ń dà wọ́n sọ̀rọ̀ níwájú àwọn àgbà ìlú, kí a ya ojú kan sọ́tọ̀ tí wọ́n á ti máa mumi nísàlẹ̀, kó jìnnà sí ibi tí a gbingi sí.

Ẹlòmíràn á sì ní òun ò ráyè, ọjà lòun wá tà. Ìyá, ojoojúmọ́ kọ́ là ń bèèrè. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan lóṣù la ní, kí ọjà tó kún. Ẹ ronú owó tí a ń ná nígbà tí omi bá ba gàrí jẹ́, ọjọ́ tí a fi ń gbọ́n ẹrẹ̀ kúrò nínú ìsọ̀, àti ọjọ́ tí a fi ń jókòó ti ọmọ tí ibà ń ṣe nítorí ẹ̀fọn inú agolo tó gbomi dúró. Ọjọ́ kan lóṣù kéré sí gbogbo ìyẹn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

1. Odò wo ló sún mọ́ ọjà wa jù, ta ló sì rántí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dé ibẹ̀?
2. Èèwọ̀ wo ni àwọn àgbà fi ń ṣọ́ odò náà? Èwo la ṣì lè fi ṣe òfin ẹgbẹ́?
3. Níbo ni ìdọ̀tí ọjà wa ń lọ báyìí? Níbo ló yẹ kó máa lọ?
4. Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Òṣogbo tí kọnkéré kò lè ṣe ní Ògùnpa?
5. Èwo nínú àwọn ìsọ̀ wa ló máa kọ́kọ́ mú ibi kan, ọjọ́ wo la ó sì bẹ̀rẹ̀?

Kí akọ̀wé ọjà kọ̀ọ̀kan kọ ìdáhùn sílẹ̀. Ìbéèrè karùn-ún ló ṣe pàtàkì jù. Bí a bá dáhùn mẹ́rin tó ṣáájú, tí a ò dá ọjọ́ fún ìkarùn-ún, a ò tíì kọ́ ẹ̀kọ́ náà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àgbájọ ẹsẹ̀ la ó fi la ọ̀nà odò yìí.